Ta Ló Ń Yan Adájọ́ Fún Wa? Kóòtù, Ìbò àti Ogún Mùsùlùmí ní Òkè-Ọ̀pin

 

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn ará ìpínlẹ̀ Kwara jáde lọ dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún méje tí irú rẹ̀ ti wáyé kẹ́yìn, nítorí pé oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni èyí tó ṣáájú. Láti ọdún 2019, àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi síbẹ̀ ló ń darí káńsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé òfin kò fàyè gba gómìnà láti máa yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ sórí ìjọba ìbílẹ̀, àti pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Nígbà tí ìbò Kwara parí, ẹgbẹ́ APC ló gbé ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì, tí olú rẹ̀ wà ní Aráròmí-Ọ̀pin, àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí olú rẹ̀ wà ní Ìlọ́fà, ṣe tún rí alága àti káńsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì yà sọ́tọ̀. Tí ènìyàn bá ní ẹjọ́ ogún tàbí ẹjọ́ yìgì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí òun wá olóṣèlú tí yóò bá òun bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Ó rò pé ẹni tó wọlé ìbò ló ni kóòtù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yìí sì ń ná àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn lówó, ó sì ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ẹni tó ń yan adájọ́, kóòtù tó ni ẹjọ́ wo, àti ohun tó yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé kóòtù.

Ìbò ń yan alága, kì í yan adájọ́

Kóòtù tó súnmọ́ wa jù ní Òkè-Ọ̀pin, Ọ̀sí, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni èyí tí a mọ̀ sí Éríà Kóòtù. Láyé àwọn òyìnbó, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà ni kóòtù ìbílẹ̀ wà ní gbogbo Àríwá, àwa tí a wà ní Kwara sì wà nínú Àríwá nígbà náà. Ọba tàbí Ẹ́míà àti àwọn ìjòyè ló ń jókòó lé ẹjọ́, tàbí Alíkálì tí wọ́n yàn. Nígbà tí wọ́n dá àwọn ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967, ìjọba ìpínlẹ̀ gba kóòtù wọ̀nyí kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì sọ wọ́n di Éríà Kóòtù. Láti ìgbà náà, káńsù kò ní àṣẹ kankan lórí adájọ́.

Lónìí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn adájọ́ ní ìpínlẹ̀ ló ń gba adájọ́ Éríà Kóòtù àti Májísíréètì sí iṣẹ́. Òun náà ló lè bá wọn wí, òun ló sì lè yọ wọ́n. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ náà, Grand Kádì sì wà lára wọn. Alága káńsù kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀ kankan kò sí níbẹ̀.

Ní ti Kádì, tí í ṣe adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà ní Ìlọrin, gómìnà ló ń yàn án, ṣùgbọ́n kò lè yan ẹni tó bá wù ú. Ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni náà ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ Grand Kádì ni, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù, kí ó sì ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà: ó kéré tán ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, ìbò wa ń dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló gbà. Ìbò gómìnà àti ìbò ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló kàn án. Ẹni tó bá sọ pé ìbò káńsù nìkan ló kan òun kò mọ̀ pé ìbò kejì ló ń pinnu àwọn tí yóò fọwọ́ sí ẹni tí yóò jẹ́ Grand Kádì.

Kì í ṣe ibi gbogbo láyé ló rí báyìí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, yóò ti rí i pé ìpínlẹ̀ Texas ní agbègbè ìjọba 254, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dìbò yan ẹni tí wọ́n ń pè ní adájọ́ agbègbè fún ọdún mẹ́rin. Adájọ́ yìí náà ló ń darí ìgbìmọ̀ tó ń ná owó agbègbè. Àfi bí ìgbà tí alága káńsù bá tún jẹ́ adájọ́. Àwọn adájọ́ mìíràn níbẹ̀ náà máa ń polongo ìbò lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé aráàlú lè fi ìbò yọ adájọ́ tí kò ṣe dáadáa. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé adájọ́ lè máa wo ojú ẹni tó dìbò fún un. Ní tiwa, adájọ́ kò ní láti wo ojú olùdìbò, ṣùgbọ́n àwa náà kò lè fi ìbò yọ ọ́. Ohun méjì ló kù wá kù: kí a pe ẹjọ́ lọ síwájú, tàbí kí a kọ̀wé fẹ̀sùn kàn án. Ẹ̀sùn adájọ́ Éríà Kóòtù ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tí a sọ lókè, ẹ̀sùn Kádì àti ti adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní Àbújá.

Àwa Mùsùlùmí tún mọ ohun tí Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) sọ nípa irú adájọ́ mẹ́ta, pé ẹyọ kan péré nínú wọn ló ń lọ sí àlùjánnà: ẹni tó mọ òdodo tó sì fi dájọ́. Ẹni tó bá rán olóṣèlú lọ bá adájọ́ ń wá bí adájọ́ náà yóò ṣe bọ́ sínú àwọn méjì tó kù.

Kóòtù wo ló ni ẹjọ́ wo?

Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

– Yìgì tí a so ní mọ́sáláṣí tàbí nínú ilé: Éríà Kóòtù ni ẹjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, sọ̀dáàkí, owó oúnjẹ tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, ó lè gbé e dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà.

– Ìgbéyàwó tí a ṣe ní ríjísírì: ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká. Àwọn tó so yìgì tí wọ́n sì tún lọ fọwọ́ sí ìwé ní ríjísírì, kí wọ́n rántí èyí. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ti gbé ẹjọ́ wọn kúrò ní Éríà Kóòtù.

– Ogún, ìsọọ́lẹ̀, ẹ̀bùn àti wakafu tí ó jẹ́ ti Mùsùlùmí: Éríà Kóòtù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ti Ṣàríà ló sì ń gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

– Ìjà lórí ẹni tó ni ilẹ̀: Éríà Kóòtù lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kì í lọ sọ́dọ̀ Kádì. Ilé-ẹjọ́ gíga ló ń lọ. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti fìdí èyí múlẹ̀, kódà bí àwọn méjèèjì tó ń jà bá jẹ́ Mùsùlùmí.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an. Ìdílé lè máa pín oko kòkó tàbí oko kaṣú bàbá wọn gẹ́gẹ́ bí ogún, kí ẹnì kan dìde pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti bàbá, pé ilẹ̀ ẹbí ni. Kíá, ẹjọ́ ogún ti di ẹjọ́ ilẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì ti yí padà. Kí a tó gbé ogún lọ sí kóòtù, ó yẹ kí ìdílé ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí: èwo ni bàbá fi owó rẹ̀ rà, èwo ni ó kàn ń dáko lé lórí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹbí? Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ kò sí nínú ogún rẹ̀.

Ogún bàbá: òfin wo ni yóò pín in?

Éríà Kóòtù lè fi àṣà ìbílẹ̀ dájọ́, ó sì lè fi òfin Ìsìláàmù dájọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ká sọ pé bàbá kan kú ní Òkè-Ọ̀pin. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀. Ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n san gbèsè rẹ̀ àti owó ìsìnkú, ohun tó kù tó mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà.

Bí a bá fi òfin Ìsìláàmù pín in, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú Súúrà An-Nisá', áyà 11 àti 12, ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí pé ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Mílíọ̀nù kan nìyẹn. Mílíọ̀nù méje tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ, ọmọkùnrin kan yóò sì gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù kan, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù méjì. Ó pé géérégé.

Bí a bá fi àṣà Yorùbá pín in, àwọn ọmọ ni yóò pín in, bóyá ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Nínú àṣà yìí, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ látinú tiwọn. Tí kò bá bímọ ńkọ́? Lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, bí ọkọ kò bá fi ọmọ kankan sílẹ̀ rárá, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti ìyàwó. Lábẹ́ àṣà, ó lè jáde nínú ilé náà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀tọ́ opó náà kò sí lọ́wọ́ alága káńsù, kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo jù nínú ẹbí. Ó wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé kóòtù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó yẹ kí a sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà lè gbọ́ ẹjọ́ ogún níbi tí olóògbé bá ti jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn olóògbé ni òfin wò, kò wo ti àwọn tó fẹ́ jogún. Fún ẹjọ́ mìíràn tí kò sí lára èyí tí òfin kà sílẹ̀, gbogbo àwọn tó ń ṣẹjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kí gbogbo wọn sì ti bẹ kóòtù àkọ́kọ́ pé kí ó fi òfin Ìsìláàmù dá a. Ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò bẹ̀ nísàlẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ lókè.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ ogún lọ kò gbọ́dọ̀ kàn sọ pé, "Ẹ bá wa pín ẹrù bàbá wa." Kí ó sọ pé Mùsùlùmí ni bàbá, pé Mùsùlùmí ló kú sí, pé òfin Ìsìláàmù ni òun fẹ́ kí wọ́n fi pín in, kí ó sì rí i pé akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó mú ẹlẹ́rìí wá: lèmọ́ọ̀mù tó kírun sí i lára, àwọn tí wọ́n jọ ń kírun Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ Kádì. Kádì méjì, ó kéré tán, ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀. Bí ó bá tún kọjá ibẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀, adájọ́ mẹ́ta tó mọ òfin Ìsìláàmù ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ní ilẹ̀ Ọ̀pin àti agbègbè rẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Kí ni bàbá Mùsùlùmí yóò ṣe fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í jogún Mùsùlùmí? Òfin Ìsìláàmù fi ọ̀nà sílẹ̀. Bàbá lè fún ọmọ náà ní ẹ̀bùn nígbà ayé rẹ̀, kí ó sì fi í lé e lọ́wọ́. Ó tún lè sọ ọ́ sílẹ̀ fún un nínú ìsọọ́lẹ̀, bí gbogbo ìsọọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ní lọ. Bàbá tó bá ṣe èyí níṣojú ẹlẹ́rìí ti gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjà kóòtù.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún ìwé tí a máa fi ṣe ìsọọ́lẹ̀. Ní ọdún 1971, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tí wọ́n mọ̀ sí ẹjọ́ Adesubokan àti Yinusa, lórí ìwé ìhágún tí Mùsùlùmí kan kọ ní Àríwá lọ́nà ti òfin òyìnbó ti ọdún 1837. Ilé-ẹjọ́ gíga ti kọ́kọ́ sọ pé Mùsùlùmí kò lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ yí ìpín tí Ìsìláàmù là sílẹ̀ padà. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yí i dànù, ó ní òfin òyìnbó náà gbà á láàyè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé irú ìwé tí bàbá bá lò lè gbé ogún rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìsọọ́lẹ̀, kí ó pe aáfà tó mọ ìmọ̀ ogún àti lọ́yà pọ̀.

Ààlà tó wà nítòsí wa

Òkè-Ọ̀pin kò jìnnà sí ààlà ìpínlẹ̀ Èkìtì. Èdè kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kóòtù kò jọra. Ìwé òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ló lè dá ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà sílẹ̀. Kwara ní tirẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn kò ní. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi sọ ní Adó-Èkìtì ní oṣù Kínní ọdún 2025, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí gbé ìgbìmọ̀ Ṣàríà kalẹ̀ láti máa là wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìgì àti ogún. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé kóòtù ìbílẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti tó. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kóòtù. Àwọn tó bá fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn wá ló lè bá parí ìjà.

Ohun tí àwọn ará wa níbẹ̀ ń wá ni àwa ní nílé. Ó wá kù sí wa lọ́wọ́ kí a mọ bí a ṣe ń lò ó.

Nígbà tí ìbò fúnra rẹ̀ bá di ẹjọ́

Ẹjọ́ ìbò kì í lọ sí Éríà Kóòtù. Ẹ rántí ìbò àfirọ́pò ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn ikú Funke Adedoyin tó ń ṣojú Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Àbújá. Raheem Tunji Olawuyi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ajuloopin, ló wọlé lábẹ́ APC pẹ̀lú ìbò tó lé ní 21,000, ẹni tó tẹ̀ lé e láti inú PDP sì ní ju 18,000 lọ. Fún irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹni tí èsì kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 21 péré láti ọjọ́ tí wọ́n bá kéde èsì láti fi pe ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò gbọ́dọ̀ dájọ́ láàárín ọjọ́ 180, ẹ̀bẹ̀ lórí ìdájọ́ náà sì gbọ́dọ̀ parí láàárín ọjọ́ 60. Ẹjọ́ ìbò abẹ́lé, tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìbò gan-an, kò ní ju ọjọ́ 14 lọ. Ẹni tó bá pẹ́ ní ọjọ́ kan ti pàdánù, bó ti wù kí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Kádì náà lè wà lára àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ló ń ṣe alága ìgbìmọ̀ náà, òfin sì gbà kí wọ́n mú Kádì mọ́ àwọn yòókù.

Ìbò káńsù yàtọ̀. Àjọ elétò ìbò ti ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, òfin ìpínlẹ̀ ló sì ń sọ ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ tí èsì jáde kí ó tó rí lọ́yà.

Ohun tí ìdílé lè ṣe láti ìsinsìnyí

– Kí bàbá àti ìyá kọ ohun tí wọ́n ní sílẹ̀, kí wọ́n ya ti ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹbí, kí wọ́n sì kọ gbèsè tí wọ́n jẹ.

– Kí lèmọ́ọ̀mù tó so yìgì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, sọ̀dáàkí àti orúkọ ẹlẹ́rìí.

– Bí a bá gbé ogún dé kóòtù, kí a sọ ẹ̀sìn olóògbé àti òfin tí a fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

– Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a gba ẹ̀dà rẹ̀ kíákíá, kí a má ṣe jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí a tó pe ẹjọ́ síwájú.

– Bí àwọn tó ń du ipò gómìnà tàbí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá wá sí ìlú wa, kí a bi wọ́n nípa kóòtù wa: ṣé adájọ́ tó? Ṣé ilé kóòtù dúró dáadáa? Báwo ni ẹjọ́ opó ṣe ń pẹ́ tó? Títì àti omi nìkan kọ́ ni ẹ̀tọ́ wa.

Nínú Súúrà An-Nisá', áyà 58, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí a dá ohun ìfọkàntán padà fún ẹni tó ni ín, kí a sì fi òdodo dájọ́ láàárín ènìyàn. Ìbò tí a di jẹ́ ohun ìfọkàntán. Ogún tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n títí wọn yóò fi pín in náà jẹ́ ohun ìfọkàntán. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ̀tọ́ kálukú máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí Ó fi adájọ́ òdodo jíǹkí wa, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ogún tú ilé wa ká. Àmín.